Ẹni Tó Sè É Ni Yóò Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Lọ́dún tí ìyá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Basawa, mo mu tíì òdòdó tó tó fọ ọkọ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ mí. Ìyá mi ni dókítà ní kó máa mu ún, èmi ni mo ń mu ún, èmi náà sì ni mo ń sáré jáde láàárín kíláàsì bí aláboyún oṣù mẹ́jọ. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Samaru ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì. Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ṣé kí àwọn ti máa bá mi dúpẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Mo ní kí wọ́n bá ara wọn dúpẹ́ ná.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Abúlé kan lẹ́bàá Kàbbà ni ìyá mi ń gbé látìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó mọ́ tónítóní, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Èmi àti àwọn àbúrò mi fẹnu kò pé kò yẹ kó dá gbé mọ́, ni mo bá lọ mú un wá sí Zaria. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bó ti ń jó lọ síwájú pẹpẹ láti fi ọrẹ sílẹ̀, ó ṣubú. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ méjì gbáko.

Ọmọ Kwara ni dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí.

"Màmá, ẹ kì í mu omi."

"Mo ń mu ún."

"Ìwọ̀n wo lẹ mu lánàá?"

"Ìwọ̀n tó tó mi."

Ó fà mí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, kídìnrín Màmá ti fẹ́ gbẹ. Lọ́tẹ̀ yìí a rí i dá padà. Bí ẹ bá tún gbé wọn wá báyìí, mi ò lè ṣèlérí nǹkan kan fún yín o." Lítà kan àbọ̀ lójúmọ́ ni kò gbọ́dọ̀ dín. Ì báà jẹ́ omi, ì báà jẹ́ kókó, ì báà jẹ́ tíì ewé, kó ṣáà ti máa gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ nígbà tí a ń padà lọ sílé. Ènìyàn kì í ní ìyá méjì.

Ìyá mi ní omi kànga wa ń ṣe bí òkúta lẹ́nu. Mo ní kò burú, tíì la ó máa sè. Olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ni ọkọ mi ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ fàtíláísà ló fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹyọ kan rẹ̀ kan ọgbà ilé wa. Bí mo bá bi í léèrè, á ní, "Ìyẹn ni iṣẹ́, èyí ni ikùn." Nítorí náà gbogbo ohun tí a nílò ti wà lẹ́yìnkùlé, tí ìgbẹ́ ẹran nìkan ni wọ́n jẹ dàgbà: koríko ọba lẹ́bàá kànga, efinrin, ìṣápá sobo tó yí ọgbà ká, àti igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó ń yọ òdòdó funfun lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀. Atalẹ̀, kànáfùrù àti èèrù nìkan ni mo ń rà lọ́jà Samaru.

Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, torí mo mọ̀ ọ́n sè. Sobo, a kì í fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi lọ. Omi ẹ̀ẹ̀kan tó o. Atalẹ̀, a ó gún un tòun tèèpo. Kànáfùrù márùn-ún péré, torí ẹ̀kẹfà ló máa ń sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. Èèrù ẹyọ kan. Koríko ọba, a ó ta á ní kókó kó má baà tú káàkiri inú ìkòkò. Òdòdó ọsàn wẹ́wẹ́ kì í fojú kan iná rárá: ìgbà tí a bá sọ ìkòkò kalẹ̀ la ó tó dà á sí i, a ó sì dé e. Bí mo bá ṣí ìkòkò yẹn, àwọn tó ń kọjá lọ́nà máa ń dúró.

Mo bu ife ńlá kan, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ fún ìyá mi, mo kúnlẹ̀. Ó wo ife, ó wo ojú mi.

"Tọ́ ọ wò."

Mo ti gbàgbé ni. Nílé wa, ẹni tó bá se nǹkan mímu ni yóò kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ lójú ẹni tó gbé e fún. Kì í ṣe pé wọ́n fura sí ọ. Ìwà ọmọlúàbí ni, ó ń fi hàn pé ohun tí kò lè pa ìwọ kò ní pa àlejò rẹ. Mo fi ẹnu kàn án.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́ nǹkan wò nìyẹn? Mu ún dáadáa."

Mo mu ún dé ìdajì. Ó gbà á, ó fi rin ètè, ó ní ó dára, ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ní ó ti tutù. Mo bu òmíràn. "Tọ́ ọ wò." Ọkọ mi ti mú ife gíláàsì tuntun kan wá láti ilé iṣẹ́ wọn, irú èyí tí wọ́n fa ìlà sí lára láti fi wọn nǹkan, ó ní ojú la ó fi máa rí i. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ojú rí i lóòótọ́. Ìyá mi kò mu ju ohun tí a lè fi fọ eyín lọ. Èmi ti mu lítà kan àbọ̀ tí dókítà kọ.

Mo gbìyànjú ọgbọ́n. Mo tọ́ ọ wò ní kíṣìnnì kí n tó gbé e wá. Ó ní ojú òun kò sí níbẹ̀. Mo ní kí ọkọ mi bá mi tọ́ ọ wò; ìyá mi ní ọkọ mi kọ́ ló sè é. Kódà tí ọkọ mi bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi kì í fẹnu kan ife mọ́ rárá, ńṣe ló máa ń tì í sábẹ́ àga, á sì fi ìborùn bò ó. Mo rò pé ìtìjú àna lásán ni, mi ò bi í léèrè.

Ìròyìn kì í pẹ́ tàn láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Zaria, pàápàá ìròyìn àìsàn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, olúkúlùkù ti ń gbé òdòdó wá. Ìyá ìjọ kan tó ń ta aṣọ ní Hayin Dogo gbé òdòdó efinrin gbígbẹ wá nínú ike bọ́tà. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan já òdòdó róòsì ìyàwó rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ẹnì kan mú òdòdó dóńgóyárò wá, ó ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Mo sè é, mo tọ́ ọ wò dáadáa bí wọ́n ti kọ́ mi, ó sì korò débi pé fún odindi ọjọ́ kan, mi ò rí ọ̀rọ̀ rere kan sọ sí ẹnikẹ́ni. Ìgò kún ojú fèrèsé kíṣìnnì. Ọkọ mi lẹ ìwé mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ibi tó ti wá àti ọjọ́ tó dé, títí iyọ̀ kò fi ríbi jókòó mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń sè, gbogbo rẹ̀ ni mo ń mu, gbogbo rẹ̀ ni ìyá mi ń fi rin ètè. "Ó dára."

Inú bí mi sí i. Mo sọ ọ́ síta. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n sin yín ni?" Ó wo òkè, ó ní ta ni kì í sin ìyá rẹ̀? Mo bínú jáde, mo sì tún lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí rèé tí Hajiya tó múlé gbè wá fi na ìgò oyin kan sí mi lórí ògiri lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ga shi, na Mama ne," ó wí, pé ti Màmá ni, ó sì sáré padà torí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná. Mo ṣí ìgò náà. Ẹ̀rúnrún igi tín-ín-rín, òdòdó dúdú, kànáfùrù tí mo fojú ara mi rí, gbogbo rẹ̀ ń dán fún ṣúgà. Òórùn rẹ̀ dùn ju gbogbo èyí tó ti wọlé wá lọ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ohun tí wọn kò bá mọ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu wọn. Mo bu ṣíbí méjì sínú omi gbígbóná.

Ilé kún fún òórùn bí yàrá ìyàwó tuntun. Ìyá mi dìde fúnra rẹ̀, ó wá jókòó sí kíṣìnnì fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dé, ó sì na ọwọ́ sí ife. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ara ti mọ́ mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò," mo sì gbé ìdajì ife mì lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin ará, òórùn dídùn kì í ṣe oúnjẹ. Ńṣe ló dà bí ẹni pé mo mu lọ́fíńdà tí wọ́n fi igi jíjóná rò. Ahọ́n mi sùn. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ń tutọ́, mo ń ké. Ọkọ mi sáré wọlé tòun ti ife gíláàsì rẹ̀, ó ní mélòó ni mo mu? Orí Hajiya yọ lókè ògiri. "Me ya faru?" Kí ló ṣẹlẹ̀? Ó rí ìgò náà lọ́wọ́ mi. "Wayyo Allah! Turaren wuta ne fa! Kin sha shi?" Tùràrí ni! Ṣé mo mu ún ni? Ẹ̀yin ìyàwó ilé Zaria ti mọ̀ ọ́n: díẹ̀ là ń fi sórí ẹ̀yín iná kí yàrá lè ta sánsán. Ó fún wa kí òórùn àìsàn lè kúrò ní yàrá Màmá ni. Èmi tí mo ti gbé Zaria láti ìgbà tí mo ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo sè é mu. Hajiya di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ba òun náà, ló bá yí ẹnu ọ̀nà ká, ó gbé wàrà wá fún mi. Fún ọjọ́ méjì, bí mo bá gùnfẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n á ní lọ́fíńdà wo ni mo fín.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó da ìyókù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Bó bá jẹ́ èmi ló mu ún ńkọ́? Ìdí tí a fi ń tọ́ nǹkan wò nìyẹn." Ó ti etí aṣọ rẹ̀ bọ ìbàdí. "Kúrò nídìí iná. Ìwọ kò mọ tíì í sè. Èmi ni yóò máa sè é."

Mi ò tètè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kejì, Hajiya wá wo ọ̀fun mi. Ìyá mi ti gbé sítóòfù lọ sábẹ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó se tíì, ó bu ife fún un. Kó tó gbé e fún un, ó gbé e sẹ́nu ara rẹ̀, ó mu ún dé ìdajì, dáadáa. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ẹni tó sè é ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò! Mo sáré lọ bá ọkọ mi. Ó fi ife gíláàsì rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ṣírò, ó ní àlejò mẹ́jọ lójúmọ́ ni yóò gbà á là.

Ni mo bá di ọdẹ àlejò. Mo pín àwọn ìyá ìjọ sí ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Mo mú olùkọ́ méjì wá lẹ́yìn iṣẹ́. Ọkùnrin tó wá yẹ mítà wò mu ife kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá yàrá háyà ní Basawa, tí wọ́n kan wá béèrè ọ̀nà, mo fi ọ̀nà hàn wọ́n, ẹ̀yìnkùlé wa ló já sí. Àwọn ìyàwó sójà láti bárékè wá, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá kankan, mo sì kọ́ wọn bí a ṣe ń kí ìyá mi: "Ọ̀kún o, Màmá." Ìyá mi á tọ́ ọ wò, á gbé e fún wọn. Bí àlejò bá dìde, á mú ọ̀pá rẹ̀, á ní òun ní láti sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo máa ń wò ó, mo ń yangàn sí ọkọ mi pé irú ẹ̀kọ́ ilé yìí ti tán láyé. Ẹran ara bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ohun tí a ń ṣe, ká má dá a dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo lọ kó aṣọ lórí okùn. Àlejò ìkẹyìn ti lọ tipẹ́. Mo rí ìyá mi tó ń jáde bọ̀ láti inú ṣáláńgá tí àwọn bíríkìlà lò nígbà tí a ń kọ́lé lọ́wọ́, èyí tí a ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá pé a ó dí. Pákó ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹrà, páànù rẹ̀ ti ṣí. Ó di ògiri mú, ó ń wá ibi tí yóò fi ọ̀pá gún. Ó rí mi, ó dúró.

"Àlejò ni mo sìn."

"Màmá, àlejò ti délé rẹ̀."

Mo ní, "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ilé. Ẹ lè já sínú ihò yìí. Kí lẹ ń wá níbí?"

Ó wo ilẹ̀ títí. "Ọkọ rẹ máa ń jókòó sí pálọ̀," ó wí.

Ó wá yé mi. Yàrá tí a fún un, pálọ̀ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní òdì kejì pálọ̀. Láàárín méjèèjì ni àga ọkọ mi wà, níbi tó ti ń máàkì ìwé ìdánwò, tó ń gbọ́ ìròyìn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

"Kí n máa gba iwájú àna mi kọjá lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́ bí ọmọdé? Kó máa gbọ́ bí mo ṣe ń da omi? Ó sàn kí n má mu ún."

Mo jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, mo sunkún. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò, àwa tí a tilẹ̀ ti rìn dé Zaria. Mo ti mu dóńgóyárò, mo ti mu tùràrí, ìyá mi sì ń gbẹ lọ nítorí àga kan. Wọ́n ní ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi í ríran. Èmi onílé ni ojú mi fọ́.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó dìde, ó fẹsẹ̀ wọn pálọ̀ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. "Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá," ó wí, ó sì tún jókòó. Ó fẹ́ kí a fún ìyá mi ní yàrá tiwa tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu: òun? Kí òun sùn sí yàrá àna òun? Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi gbé àga, tábìlì àti rédíò rẹ̀ sábẹ́ igi níwájú ilé, ó ní ooru pálọ̀ ti pọ̀ jù fún òun, nínú oòrùn tó lè dín ẹyin. A dí ṣáláńgá náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àwọn aládùúgbò ní mo ti lé ọkọ mi síta. Pásítọ̀ wá parí ìjà. Ìyá mi fún un ní tíì.

Òjò àkọ́rọ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àlejò kankan kò wá. Ọkọ mi kò wọlé. Ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé pẹ̀lú ìwé ìdánwò lórí itan, gíláàsì ọkọ̀ ń ṣú fún èémí rẹ̀. Ìyá mi wò ó títí láti ojú fèrèsé. Ó lọ se tíì, ó já òdòdó ọsàn wẹ́wẹ́ tó ku sí i, ó bu ife kan, ó mu ún dé ìdajì, ó bu kún un.

"Gbé e lọ fún ọkọ rẹ. Sọ fún un pé mo ti tọ́ ọ wò."

Mo gbé e lọ. Nígbà tí mo padà dé, ó ti jókòó, ó na ife òfìfo sí mi.

"Tèmi ńkọ́?"

"Ẹ ti mu, Màmá."

"Ìtọ́wò nìyẹn. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Mo bu ú kún dé ẹnu. Ó mu ún tán, kò mú ojú kúrò lára mi. Ó bi mí bóyá mo tún ní, mo tún bu òmíràn, ó mu ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó gba àárín pálọ̀ kọjá ní ìṣísẹ̀ mọ́kànlá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró sí kíṣìnnì, mo gbọ́ bó ṣe da omi sí i gbàà, korobá kan, ó tún da ìkejì.